Ẹ̀rọ Tó Ń Dán Egungun Eku Wò

Ọkùnrin tí gbogbo Láfẹ́nwá ń pè ní Bàbá Olóṣùwọ̀n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó lè purọ́ níwájú rẹ̀ kó mú un jẹ. Olújìmí Ṣówùnmí lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń tún òṣùwọ̀n ṣe ní ìsọ̀ kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè: tàwọn olóbì, tàwọn oníkòkó, tàwọn tó ń kó ìrẹsì wá láti Ọ̀fàdà, tàwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín, títí dórí èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ń ṣàìsàn wá bá a, á fi ìka tẹ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àròyé, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣì í sọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló fi ń yangàn. Ọmọ ló fi ń yangàn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, Pamílẹ́rìn, ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, oníbàárà tó bá sì jókòó sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, dandan ni kó gbọ́. "Ó máa tó di dókítà," ni yóò wí. "Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Dókítà ìwádìí." Bí oníbàárà bá wá bèèrè pé kí ló ń wádìí gan-an, Bàbá Olóṣùwọ̀n á wúkọ́, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sábẹ́ tábìlì. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣáà mọ̀ pé eku wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejì ló wá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé wọn ní Ìtòkò, Christianah ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Pamílẹ́rìn ń fi ṣíbí ti ìrẹsì kiri inú àwo, kò fi í sẹ́nu.

"Pamí, ta ló kú?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Tíṣà ni Christianah kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í lọ́ ọ̀rọ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú, Mọ́mì. Orí kan nínú ìwé mi ló fẹ́ kú."

"Kí ló ṣe é?"

Pamílẹ́rìn gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀, èyí tí kò tíì nà tán láti ìgbà tó ti yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn tí ọrùn ọwọ́ náà sì kán. "Ẹ rántí ohun tí dókítà sọ fún yín nígbà yẹn?"

"Ó ní egungun mi ti fúyẹ́."

"Ẹ̀hẹn. Bí obìnrin bá ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù, ohun tó ń gbé egungun ró nínú ara rẹ̀ á dínkù, egungun á wá máa jẹ láti inú bí igi tí ikán wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eku. Bí a bá ṣiṣẹ́ abẹ fún abo eku, tí a yọ ibi tí ẹyin rẹ̀ ti ń wá, láàárín oṣù díẹ̀ egungun tirẹ̀ náà á ti fúyẹ́. Ó wá ku oògùn." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, èyí tí ẹ̀ ń lò lálaalẹ́, tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù."

"Òun ńkọ́?"

"Àwọn onímọ̀ kan ti fún eku ní irú rẹ̀, wọ́n ní egungun wọn kò jẹ tó bó ṣe yẹ kó jẹ. Àwọn mìíràn fún eku tiwọn, wọn ò rí nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń wádìí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, oògùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó báwo?"

Christianah pàtẹ́wọ́. "Àṣé oògùn bàbá rẹ ló yẹ kí n máa jí lò!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Eku là ń sọ."

Ó wá ṣàlàyé ìyókù. Eku funfun ogójì ló tọ́, mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin. Wọn ò yọ ohunkóhun nínú ọ̀wọ́ kìíní. Wọ́n yọ ọ́ nínú ọ̀wọ́ mẹ́ta yòókù: ọ̀kan kò gba oògùn rárá, ọ̀kan gba díẹ̀, ọ̀kan gba púpọ̀. Àwọn eku náà ti parí oògùn wọn, wọ́n ti fi oògùn oorun pa wọ́n láìjẹ́ kí wọ́n jẹ̀rora, egungun itan wọn sì wà nínú fíríjì. Ó ti wọ̀n wọ́n, ó ti ya fọ́tò inú wọn. "Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ bí egungun ṣe le tó, Dádì. Àfi kéèyàn ṣẹ́ ẹ, kó mọ ìwúwo tó kó lé e kó tó dá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà l'Ékòó, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n ní kí n fi dúró lórí ìlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbóyèga ní kí n yọ orí náà kúrò nínú ìwé, kí n má bàa pẹ́ jù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbóyèga ni olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí nǹkan fà.

Bàbá Olóṣùwọ̀n ti ìwé ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà sí i, ó fún un ní bírò. "Ya ẹ̀rọ yẹn fún mi."

Pamílẹ́rìn ya á sẹ́yìn ìwé: irin kékeré méjì tó dúró, egungun tó dábùú lé wọn lórí, irin kẹta tó ń bọ̀ láti òkè wá tẹ egungun láàárín títí yóò fi ṣẹ́.

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. "Òṣùwọ̀n nìyí."

"Kì í ṣe òṣùwọ̀n o, Dádì. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó ní kọ̀ǹpútà."

"Mo ní òṣùwọ̀n ni. Jẹun rẹ."

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ó mú òṣùwọ̀n olójú róbótó kan, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò, tó lè wọn ogún kìlò. Ó so irin kékeré méjì mọ́ àwo rẹ̀, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Ó kan férémù lé e, ó sì fi sìkúrúù gígùn kan gbé irin kẹta kọ́ sókè, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó má bàa gé egungun dípò kó ṣẹ́ ẹ. Egungun adìyẹ ló fi ń dán an wò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Christianah bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé òun ò rí egungun jẹ nínú ilé òun mọ́, àti pé adìyẹ tí òun rà fún ọbẹ̀ ti di adìyẹ yunifásítì.

Ìṣòro méjì ló yọjú. Èkíní ni pé bí egungun bá ti dún kẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n á já wálẹ̀ kójú tó rí ibi tó dé. Bàbá Olóṣùwọ̀n ro èyí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tú aago ògiri kan tó ti kú, ó yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín jù lọ, ó sì fi í síwájú abẹ́rẹ́ ńlá ti òṣùwọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ ńlá bá ń gòkè, á máa ti kékeré níwájú. Bó bá já wálẹ̀, kékeré á dúró síbi tí wọ́n tì í dé. Kò sí pé ojú ń sáré mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lè lọ mu omi kó tó padà wá.

Ìṣòro kejì ni ọwọ́. Bó bá yí sìkúrúù kíákíá, egungun á ṣe bí ẹni pé ó le. Bó bá yí i jẹ́jẹ́, á rọ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í lọ bákan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù, ó mú mọ́tò tó ń yí wáípà ọkọ̀, ó so ó mọ́ bátìrì, ó to jíà sí i títí ó fi ń yí sìkúrúù náà wálẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kò yára, kò falẹ̀, bákan náà ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó rí èyí, ó jókòó sórí àpótí, ó sì rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Láti ìgbà náà lọ, oníbàárà tó bá bèèrè ohun tí Pamílẹ́rìn ń wádìí ti kó sí wàhálà. Bàbá Olóṣùwọ̀n á jókòó tì í, á ṣàlàyé nǹkan oṣù, á ṣàlàyé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, á ṣàlàyé egungun, títí ẹni náà yóò fi gbàgbé pé òṣùwọ̀n ẹja lòun gbé wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbóyèga fúnra rẹ̀ wá sí Láfẹ́nwá wá wo ẹ̀rọ náà. Ó kọ́kọ́ wò ó láti ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?"

Inú Bàbá Olóṣùwọ̀n dùn sí ìbéèrè náà, nítorí ìbéèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Ó ṣí àpótí pákó kan, ó kó ìwọ̀n idẹ rẹ̀ jáde, àwọn èyí tí ìjọba ti lu òǹtẹ̀ mọ́ lára láti ayé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìlò kan, abẹ́rẹ́ lọ síbi kìlò kan. Márùn-ún, ó lọ síbi márùn-ún. Mẹ́wàá, mẹ́wàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ni yóò wà lára egungun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin kò ní mọ èyí tó gba oògùn àti èyí tí kò gbà á. Pamílẹ́rìn náà kò ní mọ̀. Ọwọ́ mi ni ìwé ibẹ̀ yóò wà, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Bàbá Olóṣùwọ̀n dáhùn. "Ẹni tó ń wọn nǹkan kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni ín."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣẹ́ egungun itan ọ̀tún eku ogójì. Pamílẹ́rìn ń gbé e kalẹ̀, bàbá ń tan mọ́tò, egungun á dún kẹ́ẹ́, bàbá á ka nọ́ńbà, ọmọ á kọ ọ́. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ èyí tó kẹ́yìn, Pamílẹ́rìn dì mọ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ó ní, "Dádì, ẹ ti gbà mí là."

Ayọ̀ náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Pamílẹ́rìn wọ ìsọ̀ pẹ̀lú pépà lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣí àpòòwé. Ojú rẹ̀ kò dùn.

"Àwọn tí a ò fọwọ́ kàn, egungun wọn gba kìlò mẹ́tàlá kó tó dá, bí a bá pín in dọ́gba," ló wí. "Àwọn tí a yọ ilé ẹyin wọn tí wọn ò gba oògùn, mẹ́sàn-án."

"Ó mà fojú hàn o."

"Àwọn tó gba oògùn púpọ̀, mọ́kànlá."

"Ó ṣiṣẹ́ nìyẹn!"

"Àwọn tó gba díẹ̀, mẹ́sàn-án." Ó tẹ́ pépà náà sórí tábìlì. "Bákan náà pẹ̀lú àwọn tí kò gba nǹkan kan. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, Dádì. Gbogbo ohun tí mo kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé mi ni pé èyí tó kéré náà yóò ṣe díẹ̀. Bóyá... bóyá ẹ̀rọ yìí kò lè rí ìyàtọ̀ tó bá kéré. Òṣùwọ̀n ẹja ṣáà ni."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Bàbá Olóṣùwọ̀n na ọwọ́, ó pa rédíò. Ogójì ọdún ó lé, wọ́n ti bá a jà, wọ́n ti bú u, ọlọ́jà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń yan àwọn èèyàn jẹ ti sọ pé òun ló bà á jẹ́. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí.

"Kí lo fẹ́ kó rí?" ló bi í.

"Kì í ṣe pé mo fẹ́, Dádì. Mo rò pé..."

"O rò. Òṣùwọ̀n kì í bèèrè ohun tí ẹni tó gbé ẹrù lé e ń rò."

Pamílẹ́rìn tẹrí ba, ó lọ. Bàbá rẹ̀ kó àwọn ìwọ̀n idẹ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé wọn lé ẹ̀rọ náà láti èyí tó kéré jù dórí èyí tó tóbi jù, ó kó wọn sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé wọn lé e. Kò rí àléébù kankan. Síbẹ̀ iyèméjì ti wọlé. Ìwọ̀n idẹ kì í ṣẹ́. Egungun ni í ṣẹ́. Àbí ohun kan wà nínú ṣíṣẹ́ yẹn tí òun kò mọ̀? Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, oníbàárà kankan kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà ìwádìí lẹ́nu rẹ̀. Ràhámátù tó ń ta ẹ̀wà ní ìsọ̀ kejì bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun yá.

Ọjọ́ Ẹtì ló dé ilé, tí kò tíì bọ́ bàtà, tó pe ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀.

"Pamí. Eku kan, itan mélòó ló ní?"

"Méjì, Dádì."

"Èwo la ṣẹ́?"

"Ọ̀tún."

"Òsì ńkọ́?"

"Ó wà nínú fíríjì."

"Gbogbo ogójì?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Kó wọn lọ sí Èkó, sórí ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà yẹn."

Pamílẹ́rìn wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. "Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ní o. Dádì... bí ti Èkó bá wá yàtọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà. Màá fọwọ́ ara mi tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ìwọ náà á sì yọ orí yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ ká máa fura sí i láìdán an wò."

"Ọmọ Ẹ̀gbá," ni Christianah wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Àṣé kò ní tó oṣù mẹ́sàn-án. Pamílẹ́rìn ń pè wọ́n ní Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, ẹnì kan tó wà lórí ìlà yẹ ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ní Ọjọ́rú. Bàbá Olóṣùwọ̀n ti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní òun á fi ọkọ̀ gbé e lọ. Wọ́n kó egungun òsì ogójì sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, wọ́n gba ọ̀nà Ṣàgámù. Ní Kọ́bapẹ́, ọlọ́pàá kan dá wọn dúró, ó bèèrè ohun tó wà nínú kúlà.

"Egungun eku," ni Bàbá Olóṣùwọ̀n wí.

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìdérí. Ẹ̀rín náà lọ. Ó rọra dé e padà, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn.

Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ Èkó jẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatósìn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ga ju èèyàn lọ, ó funfun báláú, kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Olóṣùwọ̀n yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo irin méjì tó dúró, ó wo irin kẹta tó ń bọ̀ láti òkè. Ohun tó wà ní Láfẹ́nwá náà ni. Ó nà dúró, àyà rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Pamílẹ́rìn ti tẹ́ ìwé ti ọ̀tún sórí tábìlì. Olúwatósìn ṣẹ́ egungun kìíní, ó yí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sí kìlò, ó kà á. "Mẹ́tàlá àti ìdajì."

"Mẹ́tàlá àti díẹ̀ ni tiwa," ni Pamílẹ́rìn wí.

Èkejì. "Mẹ́jọ àti ìdajì."

"Mẹ́jọ àti ìdajì."

Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kẹwàá, Olúwatósìn dáwọ́ dúró, ó yíjú padà. "Ẹ̀rọ wo lẹ lò fún ti ọ̀tún?"

"Ti bàbá mi," ni Pamílẹ́rìn dáhùn.

Wọ́n parí ogójì ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín òsì àti ọ̀tún eku kan kò tó kìlò kan. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: mẹ́tàlá, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Oògùn díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fún egungun eku wọ̀nyẹn, l'Ékòó àti ní Láfẹ́nwá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá. "Dádì, ẹ má bínú sí mi."

"Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí. Ìbéèrè tó yẹ kí o bèèrè lo bèèrè. Ṣé èmi náà ò bi ara mi? Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bèèrè, inú mi dùn sí i." Ó gbé e dìde. "Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rọ lo kọ́kọ́ fura sí. O ò fura sí ohun tí ìwọ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Wàá ṣe é. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ìdí tí òṣùwọ̀n fi wà nìyẹn."

Pamílẹ́rìn tún ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ kọ. Ó kọ ọ́ pé èrò òun tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì tò ó sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹwàá ni dìfẹ́ǹsì, ọjọ́ tí yóò jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kó dáhùn gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè láti ìta wá láti Ìlọrin, obìnrin kúkúrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oyíndà Bánjọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù ìbéèrè rẹ̀. Ó ti kọ̀wé ṣáájú pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ inú ìwé náà wá, kí ẹni tó ṣe é náà sì wá.

Bàbá Olóṣùwọ̀n wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀rọ náà bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní kó dúró níta kọ́kọ́, òun àti Christianah sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tó wọlé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún ló bá nídìí tábìlì. Pamílẹ́rìn dúró níwájú wọn, ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjọ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá."

Egungun itan eku mìíràn kan, tí kò sí lára ogójì, ni wọ́n lò. Bàbá Olóṣùwọ̀n gbé ìwọ̀n idẹ lé e lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n rí i. Ó tan mọ́tò. Irin kẹta ń bọ̀ wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá ń gun òkè, ó ń ti kékeré níwájú. Kẹ́ẹ́. Abẹ́rẹ́ ńlá já. Kékeré dúró síbi mọ́kànlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n márààrún dìde lórí ìjókòó, wọ́n tẹ̀ wá síwájú, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn nídìí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja.

"Abẹ́rẹ́ kékeré yìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjọ wí. "Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ojú mi ni kò yá tó."

Ó wo Bàbá Olóṣùwọ̀n fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Pamílẹ́rìn. "Ó ku ìbéèrè kan. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, egungun rẹ̀ ti fúyẹ́. Ṣé kí n lọ ra oògùn ọ̀rá fún un?"

Bàbá Olóṣùwọ̀n di etí tábìlì mú. Ó mọ̀ pé ìdáhùn tó máa dùn mọ́ èèyàn wà, ó sì mọ̀ pé ọmọ òun náà mọ̀ ọ́n.

"Rárá, mà," ni Pamílẹ́rìn wí. "Ó dá bí ìdajì ohun tó sọnù padà fún àwọn eku mi, ṣùgbọ́n àwọn tó gba púpọ̀ nìkan ni. Púpọ̀ yẹn, bí a bá fi ìwúwo ara ṣe é, ó ju ohun tí dókítà ń fún èèyàn lọ fíìfíì. Èyí tó kéré kò ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí púpọ̀ náà lè ṣe fún ẹ̀dọ̀ tàbí iṣan bó bá pẹ́. Eku ni mo wádìí, oṣù díẹ̀ sì ni. Kí ìyá yín máa lo ohun tí dókítà wọn kọ fún wọn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjọ kọ nǹkan kan sílẹ̀. "Èmi ti ka irú ìwé yìí tó pọ̀," ló wí fún àwọn yòókù. "Èèyàn díẹ̀ ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní kí wọ́n jáde. Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbóyèga fi yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí Pamílẹ́rìn, ó sì pè é: "Dókítà Ṣówùnmí." Christianah figbe ta, ó gbàgbé ọwọ́ tí kò nà tán, ó gbé méjèèjì sókè. Bàbá Olóṣùwọ̀n kò lè pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, nítorí kò tijú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbóyèga wá síwájú rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, díẹ̀ ló kù kí n pa orí tó dára jù nínú ìwé yìí. Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbà fún wa."

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjọ ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó ní òun ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Ìlọrin tí egungun eku wọn ti wà nínú fíríjì láti ọdún tó kọjá. Ṣé Bàbá lè ṣe irú ẹ̀rọ náà kan fún òun?

"Mo lè ṣe é, mà. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní oṣù méjì. Mi ò ní sáré ṣe é."

"Ẹ gbà á. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí irin méjì tó wà nísàlẹ̀ ṣeé sún, kí a lè lò ó fún egungun ehoro."

Bàbá Olóṣùwọ̀n rò ó wò. "Òótọ́ lẹ sọ. Ó yẹ kí n ti rí ìyẹn."

Òun àti Dókítà Pamílẹ́rìn ló jọ ṣe èkejì ní ìsọ̀ Láfẹ́nwá, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ọmọ kò bá níṣẹ́. Nígbà tó parí, tí wọ́n ti fi ìwọ̀n idẹ dán an wò tí kò ṣì kankan, Pamílẹ́rìn ní ó yẹ kí orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára ti Èkó. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ní kò pọn dandan. Lẹ́yìn náà ó wá abala idẹ kékeré kan, ó gbé e sábẹ́ iná, ó mú irin tó fi ń kọ nǹkan sára irin, ó sì fi òòlù kékeré lù ú díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà fi pé: ṢÓWÙNMÍ. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó. Àyè ṣì kù nísàlẹ̀. Ó tún gbé òòlù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà pé: ABẸ́ÒKÚTA.